Ẹ̀rọ Tó Sọ Pé Okaishie Yóò Dàrú

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ọ̀fà, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó wá kí mi ń bi mí. Wọn á jókòó, wọn á mu omi, wọn á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ràlíà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan wà ní Accra tó ń rí ọ̀la?" Ẹni tó béèrè gbẹ̀yìn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè sọ irú ọkọ tí ọmọ rẹ̀ máa fẹ́.

Ẹ̀rọ kan wà. Mo ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Kò rí ọ̀la. Àná ló ń rí, kò sì rí àná náà tán. Mo fẹ́ kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí inú ń bí mi, mo sì mọ̀ pé tí inú bá ń bí èèyàn, kì í pẹ́ kó tó sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. N ó gbìyànjú kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Darkuman

Ilé Alhaja Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni mo dé sí ní Darkuman. Alhaja ti pẹ́ ní Accra débi pé èdè Ọ̀fà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Twi ló fi ń parí rẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, ó gbá mi lórí mú, ó yí ojú mi sọ́tùn-ún sósì.

"Ọmọ Ganíyù rèé! Ẹ wo iwájú orí bàbá rẹ̀. Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní yunifásítì ni?"

Ramatu, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Gánà, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, àmọ́ kì í fẹ́ fi Yorùbá dáhùn. Ó ní "ẹ káàbọ̀", ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ nǹkan kan ní Twi. Alhaja bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ní o dúró bí ẹni tí ìjọba rán wá wo ilé."

Bí mo ṣe máa ń dúró nìyẹn.

Kẹ́nkẹ́ ni wọ́n gbé fún mi, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣitó. Mo rò pé ẹ̀kọ ni. Mo fi sẹ́nu, ó kan.

"Má fa ojú ro," ni Alhaja wí. "Tó bá mọ́ ọ lára tán, ẹ̀kọ Ọ̀fà á wá dà bí omi lásán lẹ́nu rẹ."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀kọ tí ìyá mi fi kí mi káàbọ̀ níjọ̀ọ́sí, mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

Àwọn tó ń pè wá ní Alátà

Àwọn ará Accra níwà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún yín. "Jọ̀ọ́" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ pé o tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun tí o sì kọjá níwájú rẹ̀ yóò ní, "A pè ọ́ o." Nílé wa náà, à ń pe èèyàn wá jẹun, àmọ́ a kì í pe ẹni tí a kò rí rí nínú ọkọ̀. Nínú trotro, ọkọ̀ èrò wọn, obìnrin kan ṣí ewé wáákye lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní òun pè mí. Mo ní mo ti yó. Irọ́ ni.

Ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fa báàgì rẹ̀ súnmọ́ra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àyè ló ń wá fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹlòmíràn tún ṣe é, tí ẹlòmíràn sì tún ṣe é, mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Alátà ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Nàìjíríà. Ní Okaishie, ọjà ńlá kan ní Accra níbi tí ṣọ́ọ̀bù Alhaja wà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú. Ọṣẹ ni Alhaja ń tà, ọṣẹ dúdú sì ni olórí ọjà rẹ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní alata samina, ìyẹn ọṣẹ Alátà. Orúkọ wa ni wọ́n fún ohun tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun wọn.

Níwájú rẹ̀ gan-an, ní òdìkejì ọ̀nà, Naa Dedei ń ta báàfù àti abọ́ ike. Ọmọ Ga ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Accra. Yorùbá tó gbọ́ kò pọ̀, àmọ́ ó tó láti fi bú èèyàn.

"Alátà! Ọṣẹ rẹ ń rùn dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ó ń rán ọ létí pé o ò tíì wẹ̀ ni."

"Ẹni tó ń ta ọṣẹ, tí ọrùn rẹ̀ dúdú báyìí!"

Ohun tí mo bá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, mo rò pé ìjà ni. Mo dìde láti là wọ́n. Àwọn méjèèjì wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Naa Dedei fi di ògiri mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àṣìṣe mi yìí, nítorí irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rín tún tirẹ̀ ṣe.

Yàrá tútù ní Kokomlemle

Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Kokomlemle, nínú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ebo, jẹ́ ọmọ Gánà tó kàwé lókè òkun, onísùúrù, tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ po tíì fún àwa òṣìṣẹ́. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé ìkà ni.

Bí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe rí nìyí. Wọ́n kó ìròyìn ọdún púpọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n jẹ́ kó rí ohun tí ìwé ìròyìn kọ́kọ́ kọ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ti rí irú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ mọ ìròyìn tó máa ń ṣáájú ìjà, èyí tó máa ń ṣáájú ọ̀wọ́n oúnjẹ, èyí tó máa ń ṣáájú omíyalé. Láràárọ̀, ó ń ka ìròyìn tuntun, ó sì ń sọ pé: níbí, ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó jọ pé nǹkan báyìí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò àti àwọn tó ń kó ọjà wọ̀lú ń ra àsọtẹ́lẹ̀ náà.

Iṣẹ́ tèmi ni pé, tí ọ̀sẹ̀ bá kọjá, kí n wo àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ "ó ṣẹ" tàbí "kò ṣẹ" sí i. Ìdáhùn mi ni ẹ̀rọ náà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ sí i. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀rọ lásán, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ó mọ ìgbà tí tòmátì yóò wọ́n kó tó wọ́n, ó sì mọ ìgbà tí omi yóò bo ìkóríta Circle ṣáájú kí àwọn èèyàn tó ká ṣòkòtò sókè.

Ohun méjì ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Èkíní, ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì orí ayélujára nìkan ló ń kà. Rédíò Ga àti ti Twi, níbi tí Accra ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò gbọ́ ọ̀kankan. Èkejì, mo wo ohun tó kọ́ nípa wa. Ọ̀rọ̀ "oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà" kì í dá rìn nínú ìròyìn wọn. Ìjà ṣọ́ọ̀bù ló ń bá a rìn, ọlọ́pàá, àgádágodo tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Kí ló fà á? Kò sí oníròyìn tó máa kọ ọ́ pé obìnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí, ó ta ọṣẹ, ó bá ará àdúgbò rẹ̀ ṣàwàdà, ó sì lọ sílé. Ọjọ́ àlàáfíà kì í wọ ìwé ìròyìn. Nítorí náà, lójú ẹ̀rọ náà, a kò ní ọjọ́ àlàáfíà rí.

Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ebo. Ó ní ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n dání, pé a ó yẹ̀ ẹ́ wò. A kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Pupa àti dúdú

Alhaji Làmídì, olórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Okaishie, kú lójijì. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo oníṣòwò Yorùbá sì fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: òkú ẹnì kan, àgádágodo gbogbo wa.

Naa Dedei àti àwọn obìnrin Ga tó yí wa ká ní àwọn náà yóò ti tiwọn. Ó gbé bébà ńlá kan wá, àwòrán Alhaji Làmídì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Alhaja ní, "Naa, Mùsùlùmí ni. A kì í lẹ òkú mọ́ ògiri."

"Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó kú?"

"Wọn ò ní rí i mọ́."

"Hmm! Ẹ̀yin Alátà. Ẹ ò ní lẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní gbé e sí yàrá òtútù, ẹ ti yára bò ó mọ́lẹ̀ kí n tó wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe tèmi." Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. "Aṣọ pupa àti dúdú ni a máa wọ̀. Ká ní arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, funfun là bá wọ̀. Ikú yìí dùn wá."

Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò Ga, wọ́n kéde rẹ̀ lórí ti Twi, wọ́n sọ orúkọ òkú, wọ́n sọ ti ìyàwó àti ọmọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìkànnì ìròyìn kan ṣoṣo ló kọ ìlà kan sí i: àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà ní Okaishie yóò ti ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn oníṣòwò ọmọ Gánà yóò sì jáde ní pupa. Wọn kò kọ ìdí rẹ̀.

Ní Gánà, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀hónú hàn máa ń so pupa mọ́rí tàbí mọ́ apá. Nínú ìròyìn, pupa jẹ́ ìjà. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà tó wà ní títì jẹ́ ìjà. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Okaishie ló wà lókè pátápátá nínú àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà: rògbòdìyàn láàárín onílé àti àlejò, lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ebo. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, òkú ni. Àdúrà ni wọ́n fẹ́ ṣe."

Ó gbé tíì fún mi. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń tajà níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó kú."

"Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn, Ràlíà. Ìwọ ní ẹbí níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ẹbí."

"Tó bá jẹ́ pé ó ní ẹbí níbẹ̀, kò ní ṣe àṣìṣe yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí ọmọ bá sọ ohun tó gbọ́n. Ó ní àsọtẹ́lẹ̀ náà ti dé ọwọ́ àwọn oníbàárà láti àárọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀

Àwọn àáfà ṣàdúrà. Wọ́n pín ìrẹsì àti ẹran. Àwọn obìnrin Ga dé ní pupa àti dúdú, Naa Dedei ló ṣíwájú wọn, ojú rẹ̀ ti wú. Ó jókòó ti opó Alhaji Làmídì, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. N kò tíì rí i kó dákẹ́ báyẹn rí.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn bi Ramatu pé níbo ni ìjà wà. Ramatu na abọ́ ìrẹsì sí i, ó ní, "A pè yín o." Ọlọ́pàá náà wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ìrẹsì, ó gbà á. Kó tó pẹ́, gbogbo wọn ti ń jẹun.

Oníròyìn kan náà dé, òun kò jẹun. Ó ya àwòrán ìbọn, ó ya àwòrán aṣọ pupa, ó ya ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà lórí ayélujára: "Ọlọ́pàá ya bo Okaishie bí ara àwọn oníṣòwò ṣe ń gbóná." Mo wá ọ̀rọ̀ òkú nínú rẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ọ̀rọ̀ àdúrà. Kò sí.

Nígbà tí Alhaja lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyẹn, àgádágodo mìíràn wà lórí tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tetteh, onílé tó fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà, dúró síbẹ̀, kò lè wò wá lójú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ìbánigbófò ló pè mí. Wọ́n ní tí mo bá fi àlejò sílẹ̀ nínú ilé yìí lásìkò yìí, tí iná bá jó o, àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Tetteh," ni Alhaja wí, "iná wo?"

"Wọ́n ní ìjà máa ṣẹlẹ̀."

"Ìwọ náà jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìjà wo lo rí?"

"Èmi kò rí i. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló rí i."

Wọ́n jẹ́ kó kó ọṣẹ rẹ̀ jáde. Fún ìgbà díẹ̀ ni, ni Ọ̀gbẹ́ni Tetteh wí. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé ó ti gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹni tó ń ta wáyà àti gílóòbù. Mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì bá tí gbà á bí kò bá sí àsọtẹ́lẹ̀. Ó lè ti ń wá ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìdí tó sọ lẹ́nu, ibi iṣẹ́ mi ló ti jáde.

Ó ṣẹ

Nígbà tí àkókò tó láti dájọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo kọ "kò ṣẹ" sí ti Okaishie. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di "ó ṣẹ".

Mo gba yàrá Ọ̀gbẹ́ni Ebo lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pariwo. N kò pariwo. Mo bi í pé kí ló ṣẹ.

"Ọlọ́pàá dé," ó wí. "Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan sì ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wà nínú ìròyìn. Wò ó."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan ti sá kúrò ní Okaishie nítorí ìbẹ̀rù. Wọn kò dárúkọ rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn inú àwòrán náà, mo mọ̀ ọ́n.

"Ta ló pe ọlọ́pàá?" ni mo bi í.

"Bóyá ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa."

"Kí ló dé tí wọ́n fi pè é?"

Ó yí kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì nítorí òkú, mo sì sọ fún yín kí ọjọ́ náà tó pé. Ọlọ́pàá wá nítorí oníbàárà yín gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá mi nítorí ẹ sọ pé ìjà ń bọ̀. Ẹ wá kó gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ yín fà jọ, ẹ fi ń jẹ́rìí pé òótọ́ lẹ sọ. Sà, ẹni tó bá ti èèyàn, tó wá ní 'mo ti sọ pé yóò ṣubú', ṣé aríran nìyẹn?"

Kò bínú. Ìyẹn ló tún dùn mí jù.

"Ràlíà, oníbàárà kì í béèrè ohun tó fà á. Ó ń béèrè bóyá ó ṣẹ."

Ó sọ pé kí n lọ sinmi fún ọjọ́ díẹ̀. Mo ní mo ti sinmi tó, mo sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára jù lọ kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣi nǹkan gbọ́. Èmi náà fẹ́ la ìjà tí kò sí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, mo kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ yìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìròyìn pé Alátà sá ni yóò kà lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò wa bá tún ti ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí òkú, ní ọjà mìíràn, yóò tún dá a lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ pé ìjà ń bọ̀.

Òdìkejì ọ̀nà

Mo lọ dágbére fún Alhaja ní Okaishie. Naa Dedei ti sún báàfù rẹ̀ sẹ́yìn, ó fún un ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Alhaja jókòó sórí àpótí níbẹ̀, ọṣẹ wà níwájú rẹ̀, àwòrán Alhaji Làmídì sì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Ramatu ní wọ́n kọ ọ́ pé mo sá," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja."

"O ò sọ fún wọn ni?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ṣẹ."

Ó mú ọṣẹ kan tó ṣubú, ó nu eruku ara rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Naa Dedei ló fọhùn láti inú.

"Alátà, ìwọ tí o sá yìí, ta ló wá ń fi òórùn ọṣẹ pa mí láti àárọ̀?"

"Lọ wẹ̀," ni Alhaja wí. Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbé ojú kúrò lára ilẹ̀kùn tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ohun tí mo kọ yìí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà ni mo ń kọ ọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjà ṣẹlẹ̀ ní Okaishie, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó farapa. Bí wọ́n bá ní Alhaja Sìdíkátù, ọmọ yín, sá, ẹ sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀. Ó jókòó ní òdìkejì ọ̀nà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ta ọṣẹ.